Gbogbo Wọn Ní Jẹ̀dí Ni

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, mo máa dárúkọ ìgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì máa dárúkọ ìdí. Mo mọ̀ pé a kì í sọ irú ẹ̀ láàárín àwùjọ láìtọrọ àforíjì. Ẹ má bínú. Mo ti tọrọ ẹ̀ báyìí, mi ò ní tọrọ ẹ̀ mọ́ títí tí mo fi máa parí, torí pé ìtìjú yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olóògbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Fẹ́sítáàkì ni mo sì ti ń gbé látìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló mú mi, mo sì là á já. Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ẹ̀ fún ni mò ń kọ èyí sí, àti ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń pa á mọ́ra. Ẹni kejì yìí gan-an ni inú ń bí mi sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kò ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ lára tíṣù. Mo ní bóyá ata ọbẹ̀ ni. Nígbà tó yá ó tún wá, mo ní bóyá mo ti tẹnu mọ́ ata jù ni. Lẹ́yìn náà ni inú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lónìí ìgbẹ́ á gan, á le koko, lọ́la á di omi. Èyí tó dà mí láàmú jù ni pé bí mo bá ṣu tán, á máa ṣe mí bíi pé ó ṣì kù. Mo máa jókòó síbẹ̀ títí ọkọ mi á fi wá kanlẹ̀kùn pé ṣé oorun ti gbé mi lọ ni. Ó sì tún ń rẹ̀ mí. Àtẹ̀gùn ilé wa tí mo ti ń gùn látọjọ́ pípẹ́ wá di ohun tí mo ń dúró mí lágbedeméjì ẹ̀, tí mo máa ń díbọ́n pé mò ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Òun náà ti fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Dádì Yéwándé ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí àkọ́bí wa obìnrin. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Jẹ̀dí ni," ló wí. "Mọ́mì, mo ti ń sọ fún ẹ pé kó o dín ṣúgà kù."

Ṣúgà! Èmi tí mo ń mu tíì lásán, tí òun sì ń ro ṣúgà sínú tiẹ̀ bí ẹni ń ro sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ìyábọ̀, gbọ́ ní Ràjí Ràṣákì níbi tó ń gbé, kò sì pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú àgbo nínú ike. Abúlé Àdó ló ní òun ti rà á, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ta ni kò ní jẹ̀dí nílẹ̀ yìí?" Àǹtí ní. "Mu ún láàárọ̀, mu ún lálẹ́. Má jẹ ohun dídùn."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Kí ni a kì í pè ní jẹ̀dí? Ìbàdí ń dunni, jẹ̀dí. Inú ń kùn, jẹ̀dí. Ọkùnrin kò lè ṣe ojúṣe ẹ̀ nílé, jẹ̀dí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí ènìyàn, ohun tí kò yẹ kó jáde níbẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń bò ó mọ́lẹ̀, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ará ilé ìsàlẹ̀ wa náà ní jẹ̀dí ni. Ẹni tó ń bá mi ṣe irun ní jẹ̀dí ni, ó sì dárúkọ àgbo mìíràn tó lágbára ju ti Àǹtí lọ. Àwọn kan tí wọn kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo mọ ìdí mi ju èmi tí mo ni ín lọ.

Mo mu àgbo náà. Ó korò, ó sì gbọn inú mi nù bí ẹni gbálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà sì dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ké sí ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó jáde wá. Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, mò ń wá ojú ìwé nínú Bíbélì. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọkọ mi ni mo rí tó di máìkì mú.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Ìyàwó mi tẹ́ ẹ̀ ń wò lọ́hùn-ún yẹn, jẹ̀dí fẹ́ fi ẹ̀mí ẹ̀ ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà bí omi! Ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá sí i. Ó ti dópin! Kò ní padà wá mọ́ láéláé!"

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Gbogbo ojú yí sí mi, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní kí n jó bọ̀ níwájú. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jó. Nígbà tí a délé, mo bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó ní ẹ̀rí tí a bá pa mọ́ máa ń mú kí nǹkan bàjẹ́ ni.

Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀jẹ̀ náà fi padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúdú díẹ̀, ó sì pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ fúnra ẹ̀. Ìgbẹ́ náà wá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pé ohun kan ń fún un lọ́rùn kó tó jáde. Mo sọ fún ọkọ mi.

"Mọ́mì, a ti jẹ́rìí."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí, Dádì. Èmi kọ́."

"Tá a bá wá ní ó ti padà dé, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ díákónì kò dúró. Má fẹnu ara ẹ pè é padà, jọ̀ọ́. Ìjà Èṣù ni."

Ẹ wo ibi tí mo wọ̀. Ẹ̀rí tí mi ò jẹ́ ti tì mí mọ́lé. Bí mo bá lọ sí ọsibítù, ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì á rí mi, torí kò sí ibi tí ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kò sí ní gbogbo Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Bí mo bá ní ara mi kò yá, mo ti sọ ọkọ mi di òpùrọ́ níwájú pẹpẹ. Mo wá ń di páàdì bí ọmọge, èmi tí nǹkan oṣù ti dá dúró lára mi. Yẹ̀rì dúdú nìkan ni mò ń wọ̀. Mo ń rù, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú oríire. "Mọ́mì, ẹ mà ti gbọ́n ọ̀rá dànù o! Irú eré ìdárayá wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní inú mi lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ń bà mí dé ibi tí mi ò lè gbàdúrà mọ́.

Yéwándé ló tú u síta. Ó wá kí wa, mo dìde láti gbé oúnjẹ fún un, yẹ̀rì mi sì já bọ́ dé ibi ìtan.

"Mọ́mì, kí lèyí? Ṣé ẹ̀ ń jẹun ṣá?"

Mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Bàbá ẹ̀ ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ tó ju agbára ẹ̀ lọ, pé pásítọ̀ á gbọ́. Pásítọ̀ á gbọ́, pásítọ̀ á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo fa fóònù mi yọ, mo pe pásítọ̀ lójú àwọn méjèèjì, mo sì jẹ́ kí ohùn ẹ̀ máa jáde síta.

"Pásítọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ mi ní ó ti lọ, ó ti padà. Mo fẹ́ lọ sí ọsibítù. Ṣé ẹ máa bínú?"

"Háà, Mọ́mì! Ta ló ní kẹ́ ẹ má lọ? Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi fúnra mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀? Ẹ lọ yẹ ara yín wò, mà. Ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ ohun tá à ń gbàdúrà sí."

Ó tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo ọkọ mi, ó ń wo ilẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ṣẹ̀jẹ̀ sára, nítorí ìbínú ẹni tí kò bínú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lọ sí ọsibítù ìjọba rí mọ bó ṣe ń rí. A dé kí ilẹ̀ tó mọ́, a bá àpò, ike omi àti bàtà tí wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì, olúwa wọn ti lọ sùn sínú mọ́tò. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní ìlà tí a tò kì í ṣe ìlà. A tún un tò. Ẹni tó ń kọ káàdì béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo rọra sọ ọ́, ó ní òun kò gbọ́. Mo bá pariwo ẹ̀: "Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde!" Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Ẹ gbà mí gbọ́, lẹ́yìn tí mo pariwo ẹ̀ yẹn, ara tù mí.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò dàgbà ju ọmọ mi lọ. Ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì fi ìka wò mí nídìí. Ojú tì mí, ó dùn mí díẹ̀, kò sì pẹ́ rárá. Nígbà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ojú ẹ̀ ti yí padà.

"Mà, ta ló sọ fún yín pé jẹ̀dí ni?"

"Gbogbo ayé."

"Ta ló yẹ̀ yín wò nínú wọn?"

Mo yíjú wo ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ti kámẹ́rà tó rí bí okùn gba ìdí wọ inú ìfun. Ẹ̀rọ tiwọn ti bàjẹ́, wọ́n ní ká lọ sí ibi aládàáni. Kí wọ́n tó lè ṣe é, ènìyàn á mu oògùn kan tó máa ń fọ inú mọ́ tónítóní, á sì máa sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí mo mu ún ni iná kò sí ní kílóòsì wa, òpópónà tí ilé wa wà, ẹ̀rọ kò fa omi, táńkì gbẹ. Ẹ fojú inú wò ó. Mo ń ké láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọkọ mi ń sáré kiri Fẹ́sítáàkì, ó ń wá mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi kiri. Nígbà tó rí ọ̀kan, òun àti ọkùnrin náà ń gbé jẹ́ríkáànù gun òkè títí aṣọ ẹ̀ fi rin gbingbin. Mo gbọ́ tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú mi sì dùn. Kí òun náà ṣe nǹkan.

Wọ́n rí kókó kan nísàlẹ̀ ìfun, wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìdúró de èsì ló burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a lọ gbà á, dókítà pe orúkọ ẹ̀ gan-an: jẹjẹrẹ. Etí mi dí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ó ṣì wà lójú kan, kò tíì tàn, pé a tètè wá. A tètè wá! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ní mo tún dúró di ọdún tó ń bọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí òun máa bá mi sọ ì bá yàtọ̀. Nígbà tí à ń lọ sílé, ọkọ mi pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbórí lé sítíárìn, ó ń sunkún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tèmi ti tó mi sun.

Ẹ máa rò pé ìyẹn á pa ẹbí lẹ́nu mọ́. Rárá o. Dókítà ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fa ìfun díẹ̀ yọ síkùn mi, wọ́n á so àpò mọ́ ọn. Inú àpò yẹn ni ìgbẹ́ á máa bọ́ sí fún oṣù díẹ̀ títí ojú egbò inú á fi jiná. Nígbà tí Àǹtí Ìyábọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò, ó pe ìpàdé sínú pálọ̀ mi. Wọ́n jókòó lórí àga mi, wọ́n ń mu mínírà mi, wọ́n ń pinnu lórí ìdí mi.

"Kó máa ṣu láti inú ikùn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹni tí ọ̀bẹ bá ti kan irú àìsàn yẹn lára ẹ̀, ṣe ló máa ń sáré tàn sí i."

Ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ látinú fóònù nípa ewé kan tí wọ́n ń sè ní Ìjẹ̀bú. Àbúrò mi ọkùnrin ní ẹnì kan ń ta omi kan tó ń pa á láàárín oṣù kan. Kò sí ẹni tó lè pe orúkọ ẹ̀. "Àìsàn yẹn." "Nǹkan yẹn."

Mo dìde. "Jẹjẹrẹ ni! Ẹ pè é! Èmi tó wà lára ẹ̀ ń pè é, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mu mínírà ò lè pè é! Àǹtí, mo mu àgbo yín, mo dúpẹ́. Mo máa gba àpò yẹn. Mo kúkú ń ṣu láti ìdí tẹ́lẹ̀, kí ló fún mi?"

Àǹtí kọjú sí ọkọ mi. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀? Ìwọ ni olórí ilé, sọ̀rọ̀."

Ẹ̀mí mi rọ̀ mọ́ ẹnu ọkọ mi nígbà yẹn, torí òun ló máa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú mi.

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà kan ló jẹ́ ká pẹ́ nílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

A ta mọ́tò kejì, àwọn ọmọ dá owó, wọ́n sì ṣe é. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìfun ara mi lórí ikùn mi, pupa, tó ń tàn yanran, mo yíjú sí ògiri, mo ní kí wọ́n bò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó àpò náà kò bẹ̀ mí, kò sì pariwo mọ́ mi. Ó ń padà wá títí mo fi lè wò ó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń gé ihò ẹ̀ kó má baà jo. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ awò ojú, ó ń wò bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ara mi kò tíì gbé e nílé, òun ló ń tú àpò ìgbẹ́ mi dà nù. Kò yínmú rí. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé èébú nìkan ni mo ní fún un.

Àpò náà kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Ó máa ń dún ní àkókò àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́ kù, tí mo ń gbé mì fún oṣù bíi mélòó kan, àtẹ́lẹwọ́ mi ń bó, ìka mi sì dán débi pé fóònù mi kò dá mi mọ̀ mọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án. Ohun gbogbo ń rùn sí mi. Àwọn ènìyàn ń wá kí mi, wọ́n ń bojú wò mí bí ẹni pé wọ́n ń dágbére. Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù nínú wọn ni aládùúgbò wa tó máa ń gbé omi ẹran gbígbóná wá, tó máa jókòó, tó máa sọ fún mi bí ẹran ṣe wọ́n, tó sì máa lọ. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí aláìsàn, irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe.

Nígbà tó yá, wọ́n dá ìfun mi padà sáyè ẹ̀, wọ́n mú àpò kúrò. Ní báyìí, mò ń lọ fún àyẹ̀wò déédéé, wọn kò tíì rí nǹkan kan. Inú mi kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Láràárọ̀, mi ò lè jáde kí n tó lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wà sì ti di ọ̀tá mi. Ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mo ti sanra padà, mo sì ń gun àtẹ̀gùn wa láìwá kọ́kọ́rọ́ kankan. Bí dókítà bá ti pe orúkọ ẹ̀ fún ọ, kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà, béèrè ibi tó dé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewé dá ọ dúró, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àpò lé ọ sá. Àpò kì í pa ènìyàn.

Dókítà ti sọ ọ́ pé kí àwọn ọmọ mi àti àwọn àbúrò mi lọ yẹ ara wọn wò, pé ọkọ mi náà ti dàgbà tó ẹni tó yẹ kó ṣe é. Àwọn ọmọ ti ṣe é. Ọkọ mi ń sọ ọ̀la, ọ̀la. Láìpẹ́ yìí, a ń mu tíì láàárọ̀, ó gbé ife kalẹ̀.

"Mọ́mì. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀."

Ọkùnrin tó fọ àpò ìgbẹ́ mi! Mo bi í léèrè ohun tó fà á tí kò sọ. Ó ní ojú ń ti òun. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí ẹ̀rù ló gbé mi dìde. Mo ní, "Dádì, ẹ wọ bàtà yín."

Wọ́n rí kókó kékeré kan nínú ìfun ẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí a lọ gba èsì, wọ́n ní kò tíì di jẹjẹrẹ, pé ká ní a fi í sílẹ̀ ni ó lè wá di jẹjẹrẹ, kó máa padà wá fún àyẹ̀wò. A jáde, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sí apá kan ìdí, tó mú ìyàwó ẹ̀ wá gba oògùn ojú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin náà ní òun náà ń rí ẹ̀jẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi tó ga sókè:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré. Bí ti ìyàwó mi yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni mo gbé e wá sí ọsibítù. Lójú ẹsẹ̀!"

Mo yíjú wò ó. Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n mi, gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dìde, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Mo pa ẹnu mi dé, mo dìde, mo sì mú un lọ síbẹ̀.